C Tó Dé Fìlà

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni mo gbé tìmùtìmù ìyá mi,
ìwé kan wà lábẹ́ rẹ̀,
ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ẹja tí èéfín gbà.
Ọwọ́ bàbá mi ló wà lójú ewé kìn-ín-ní:
*učim, učiš, uči,*
*učimo, učite, uče.*
Lẹ́tà kejì, c ni, ó dé fìlà kékeré
bí ẹni ń lọ Jímọ̀.
Ẹ fi t ti ṣ nídìí, ẹ ó rí i pè.

Mò ń kọ́, ò ń kọ́, ó ń kọ́,
à ń kọ́, ẹ̀ ń kọ́, wọ́n ń kọ́:
iwájú ni tiwa ti ń yí,
kọ́ jókòó síbi tó wà.
Tiwọn, ìrù ni ọ̀rọ̀ fi ń júwe ẹni tó ni ín,
bí ọ̀bọ̀kún tó ń jà nísàlẹ̀ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti bá wa pàdé rèé:
ẹni tó ń kọ́ni, *uči*.
Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, *uči*.
Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń mu omi nínú kète kan.

Rijeka ni Ràṣákì ti lọ kọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi.
Ó mú ìwé ẹ̀rí bọ̀, ó mú Jasna bọ̀.
Ẹ̀pẹ́ wò ó títí, Ẹ̀pẹ́ pè é ní Jásínà.
Oṣù kẹta, lọ́jà Olúwo, wọ́n bi í pé,
"Ìyàwó wa, Yorùbá ńkọ́?"
Ó na ọrùn, ó ní, "Mò ń kọ̀ ọ́."
Àwọn ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín títí edé fi dà nù.
"Kí ni Yorùbá ṣe fún ọ tí o fi kọ̀ ọ́?"
Ó sunkún délé.
Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó gbáyà, ó ní, "Èmi kọ́!"
"Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta wá ni?"
Ẹ̀rín tún sọ.

Ìyá Ràbíátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ló fà á mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò,
bí a ṣe ń ká àrọ̀ bí òrùka,
ìgbà tó yẹ kí iná kú kí èéfín lè ṣiṣẹ́.
Tó bá dalẹ́, ìyá mi á di ọwọ́ àgbà náà mú,
wọ́n á jọ fa R, wọ́n á fa À,
lórí síléètì mi, tí mo ń fi ẹkún bèèrè.
Nínú àwọn méjèèjì, ta ló kọ́ ta?
*Učile su*: wọ́n kọ́, obìnrin ni wọ́n, ó ti kọjá.
Yorùbá kì í bi ọ̀rọ̀ ìṣe
bóyá akọ ni tàbí abo.
Nígbà mìíràn, ó wù mí kó bi í.

Nígbà tí ogun fọ́ ilé wọn lọ́hùn-ún,
èdè kan gba orúkọ mẹ́rin.
Wọ́n ní, Jásínà, èwo ni tìrẹ?
Ó ní kí wọ́n lọ bi Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́
èwo ló ni ọ̀sà.

Ewé tó kẹ́yìn: *naučiti*.
Kí a kọ́ ọ tán, kó wọ eegun.
Bàbá mi to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí.
Níbi *naučila sam*, mo ti kọ́ ọ tán,
ìyá mi mú bírò, ó pa á rẹ́.
Ó kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ogójì ọdún ó lé mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀rín ọjà:
*Mò ń kọ́.*
Mo fi ìka wá àmì òkè náà lẹ́yìn ewé.
Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ó yọ.